Iyọ̀ Lọ́tọ̀, Ṣúgà Lọ́tọ̀

Òfin kan wà tí ìyá ọkọ mi gbé láti Kuta wá sílé wa n'Ìwó, wọn kì í sì í fi ṣeré rárá: oògùn méjì kì í jọ wọ ikùn ọmọdé. "Wọ́n á bára wọn jà níbẹ̀ ni," wọ́n á ní, "ikùn ọmọ ló sì máa jẹ ìyà ẹ̀." Bí wọ́n bá ti fún ọmọ lágbo láàárọ̀, àfi kí oòrùn kàn tàrí kí wọ́n tó jẹ́ kí n fún un ní oògùn ikọ́. Bí mo bá fẹ́ fi ọgbọ́n sáré ṣe é, wọ́n á gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi pamọ́ sẹ́yìn bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú ni. Mi ò jiyàn. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó ń bá a pọnmọ láti àárọ̀ dalẹ́ jiyàn?

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ yìí. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé míṣọ́n, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan l'Óṣogbo, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí, tí mo ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyá ọkọ mi ti ilẹ̀kùn ilé wọn ní Kuta, wọ́n fi oko lé àbúrò wọn lọ́wọ́, wọ́n sì wá bá wa gbé. Opó díákónì ni wọ́n, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, tí ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹsẹ̀ lọ. Ọmọ mi ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní ọkọ wọn. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní, "Ìyàwó, káàbọ̀. Ọkọ wa ti jẹun, ó ti sùn, kò tiẹ̀ bèèrè rẹ." Orogún mi nìyẹn o! Mo fẹ́ràn wọn débi pé bí wọ́n bá lọ kí ará Kuta lópin ọ̀sẹ̀, ilé á pa lọ́lọ́, mi ò ní mọ ohun tí ń ṣe mí.

Ṣùgbọ́n a máa ń jà. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ ru. Tí mo bá rin inú oòrùn wálé, tí ọmọ ń ké fún ọmú, wọn ò ní jẹ́ kí n fún un. Ọmú ti gbóná, wọ́n á ní, kí n jókòó kí ara mi rọ̀ ná. Ọmọ ń ké, ọmú ń dà sí mi ní búláòsì, èmi náà á fẹ́ ké.

"Màmá, kò sí ohun tó ń jẹ́ ọmú gbóná!"

"Ó wà. Òun lọkọ tìrẹ mu tí kò fi ga."

Ọkọ mi ò kúkú ga lóòótọ́. Màá bú sẹ́rìn-ín, ìjà á sì tán síbẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo tẹ́ páálí funfun kan sílẹ̀ ní fàráńdà, mò ń ya àwòrán tí màá fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Awọ inú ìfun ni mò ń yà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tò ti ara wọn bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri. Apá kan lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kọjú sí inú ìfun níbi tí oúnjẹ ń gbà kọjá, apá kejì kọjú sí ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí, ọmọ wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá na ọrùn.

"Kí leléyìí tó dà bí ilé oyin?"

"Inú ìfun ọkọ yín nìyẹn, Màmá."

Wọ́n fi àwo ẹ̀wà sílẹ̀ kíá, wọ́n sún mọ́ ọn. "Kí wá làwọn pupa àti búlúù tó wà lára ẹ̀?"

Mo ní ilẹ̀kùn ni. Mo ní purotíìnì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn náà, purotíìnì bíi ti inú ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà yẹn. Sẹ́ẹ̀lì kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, síbẹ̀ awọ tó bò ó lára kún fún ilẹ̀kùn. Àwọn tí mo fi bírò pupa yà ń gba nǹkan wọlé láti ọ̀dọ̀ oúnjẹ, àwọn tí mo fi búlúù yà ń kó nǹkan jáde sọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ojú kan náà ni wọ́n ti ń rọ gbogbo wọn, nínú sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá rọ wọ́n tán ni wọ́n á tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ìwọ, ọ̀dọ̀ oúnjẹ ni tìrẹ, ìwọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á kó wọn sínú àwọn àpò tín-ín-tìn-ìn-tín, àpò kọ̀ọ̀kan á sì rìn títí á fi lọ lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì níbi tí wọ́n rán an.

"Ta ló wá ń yà wọ́n?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Ọ̀gá kan tó kọ́ wa ní yunifásítì, ìbéèrè yìí gan-an ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ náà. Ó bi wá tán, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé àwa la jí ilẹ̀kùn gbé. Ní kíláàsì yẹn ni mo ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì bí ẹni fẹ́ràn èèyàn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Mo sọ ohun tí ọ̀gá wa sọ fún Màmá. Purotíìnì kọ̀ọ̀kan ló ní àmì lára ara rẹ̀, ibi kúkúrú kan lára rẹ̀ tó ń sọ ibi tó ń lọ. Ibùdó kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí gbogbo wọn ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń wo àmì náà tí wọ́n á sì kó wọn gba ọ̀nà tó yẹ. Nígbà mìíràn, òmíràn á kọ́kọ́ dé ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀, wọ́n á sì padà gbé e sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òmíràn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n á kó o lọ, èyí tó bá ríbi dìmú lára àwọn ni yóò dúró, èyí tí ò rí, wọ́n á kó o kúrò. Torí pé awọ sẹ́ẹ̀lì rọ̀, nǹkan lè máa sún káàkiri lára rẹ̀ bí ohun tó léfòó lórí epo, ọgbà wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì tí kì í jẹ́ kí ti iwájú yọ́ lọ sẹ́yìn.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ gbá ọmọ nídìí pẹ́pẹ́, ẹ̀yìn wọn ló ti ń sùn.

"Tí wọ́n bá wá gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn síwájú ńkọ́?"

"Àìsàn nìyẹn."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o. Ìwọ alára, o ti rí ilẹ̀kùn yìí rí?"

"Mo rí àwòrán ẹ̀, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àwòrán áńgẹ́lì náà wà nínú kàlẹ́ńdà."

Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn. Inú bí mi o! Odindi ẹ̀kọ́ yunifásítì, wọ́n kó o sínú kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dọjọ́ Àìkú, mo gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sọ fún ìyá ìjọ kan pé, "Ìyàwó mi, gbogbo ohun tó wà nínú ìfun ló mọ̀. Ó ya ti ọmọ mi sórí páálí, ó pé pérépéré." Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Orí mi wú títí a fi délé.

Ọmọ ń rákò dáadáa nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí bàbá rẹ̀ kúrò nílé ló bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn lásán tẹ́lẹ̀, nígbà tó máa di ọ̀sán, omi ni. Màmá ní eyín ló ń bọ̀. Wọ́n fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti kan ṣóńṣó eyín. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí nápíìkì tó gbẹ nílé mọ́, eyín náà ò sì yọ. Mo pọ̀n ọ́n, èmi pẹ̀lú wọn, ó di ilé ìwòsàn kékeré tó wà lápá ìsàlẹ̀ àdúgbò wa.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, ọlọ́yàyà èèyàn ni. Ó ní omi ara ọmọ ló ń lọ, omi ni ká sì máa dá padà, omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ó tọ́ka sí àwòrán lára ògiri pé, omi tí ẹ ti sè, tó ti tutù, ìgò bíà kan.

Màmá gbé ọwọ́ lérí. "Ìgò bíà? Nínú ilé díákónì?"

"Ìgò mínírà méjì náà ń ṣe é, Màmá," ni nọ́ọ̀sì sọ, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ẹ̀n-ẹ́n, mínírà. Ẹ bá wa fi mínírà sí i." Wọ́n wò yíká bóyá ìyá ìjọ kankan gbọ́.

Nọ́ọ̀sì fi bí wọ́n ṣe ń wọn iyọ̀ hàn wá, ṣíbí kékeré tí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ lórí, kò gbọdọ̀ lé. Ó fi bí ṣúgà ṣe máa pọ̀ tó hàn wá. Ó ní ká po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ká máa fi ṣíbí fún un, kí n má sì dá ọmú dúró. A délé, mo po tiwa, ọmọ mu ún, ó tiẹ̀ tún rẹ́rìn-ín sí mi. Ọkàn mi balẹ̀. Ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde máa ṣe ìdánwò bàọ́lọ́jì tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe, èmi nìkan ni mo lè tò ó fún wọn. Mo gbé iyọ̀, ṣúgà, ṣíbí àti omi sórí tábìlì, mo ní, "Màmá, tí eléyìí bá tán, ẹ ṣe òmíràn bí nọ́ọ̀sì ṣe wí."

"Máa lọ. Ṣé mi ò tọ́mọ rí ni?"

Ọ̀sán ni mo padà. Mo ti ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún tí mo mọ̀. Ẹkún tí ò lágbára ni, bíi ti ọmọ ológbò. Mo wọlé, mo rí ojú ọmọ mi. Ojú náà ti jìn wọnú. Àwùjẹ rẹ̀ wọlẹ̀. Ó ń sunkún, omi kankan ò sí lójú rẹ̀. Mo gbé e, mo fa awọ ikùn rẹ̀, awọ náà dúró síbẹ̀, kò tètè padà. Mo bi Màmá ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ní kò tíì tọ̀ láti ìgbà tí mo ti jáde.

"Ẹ ò fún un lómi yẹn ni?"

"Mo fún un! Ó ń mu ún dáadáa."

Mo wo orí tábìlì. Omi kan wà nínú ife. Mo tọ́ ọ wò. Ṣúgà ni, ṣúgà lásán, ó dùn rinrin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà, iyọ̀ díẹ̀ wà nínú ọmọrí agolo, ojú ìka wà nínú rẹ̀.

"Màmá, iyọ̀ dà?"

"Mo ti fún un níyọ̀ ná. Nígbà tí èyí tí o pò sílẹ̀ tán, mo wá fi ìka tọ́ iyọ̀ sí i lẹ́nu láàárọ̀, mo dúró kó wọlé. Lẹ́yìn náà ni mo wá fún un ní ṣúgà. Iyọ̀ lọ́tọ̀, ṣúgà lọ́tọ̀. Wọ́n ò ní bára wọn jà."

Mo pariwo. Háà, mo pariwo débi pé ará ilé kejì yọjú. Ìyàwó kì í gbóhùn sókè sí ìyá ọkọ, mo mọ̀, wọ́n kọ́ mi nílé. Mo ní, "Ẹ ti fẹ́ pa ọmọ mi!" Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo ti ń kábàámọ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà. Abiyamọ tó bá rí àwùjẹ ọmọ rẹ̀ tó wọlẹ̀, tó wá ń fọgbọ́n sọ̀rọ̀, ẹ bá mi wá a wá. Màmá gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n jáde láìwọ bàtà, wọ́n doríkọ ilé ìwòsàn, èmi ni mò ń sáré tẹ̀ lé wọn.

Nọ́ọ̀sì wo ọmọ, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó po omi tuntun sínú ife níwájú wa, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní ká jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀, ká máa fún un ní ṣíbí kan, ká sinmi díẹ̀, ká fún un ní òmíràn, tó bá bì í, ká dúró, ká tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí kò bá tíì tọ̀ títí a ó fi tilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, a ó wá ọkọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n fa omi sí i lára. Ìtọ̀ ni ká máa wò. Tó bá ti tọ̀, omi ti ń dé ibi tó yẹ nìyẹn."

Ṣíbí àkọ́kọ́, etí ọmọ ni mo dà á sí. Màmá gba ife náà, wọ́n gbé ọmọ lé itan, wọ́n ki ṣíbí bọ inú omi, wọ́n fi kan ètè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e mì. Ó bì í. Wọ́n nu ẹnu rẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, aboyún, àwọn tó wá gba abẹ́rẹ́, wọ́n ń kí wa, èmi nìkan ni mò ń dáhùn. Màmá ò gbójú kúrò lára ṣíbí. Ọmọ náà ò bì í mọ́ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n kò tọ̀.

Màmá bi mí, wọn ò wò mí. "Níbo ni mo ti ṣì í? Sọ ọ́ fún mi bí o ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Má fi ọ̀kankan pamọ́."

Ìbínú mi tán síbẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́, kò sí àwáwí nínú ẹ̀. Mo di ọwọ́ òsì wọn mú, èyí tó wà lábẹ́ orí ọmọ, mo yí i díẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò ó, Màmá, ká ní ọwọ́ yín yìí ni sẹ́ẹ̀lì. Àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí oúnjẹ, ẹ̀yìn ọwọ́ kọjú sí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ níbí, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí kì í sinmi, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti iyọ̀ jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń tì í jáde ṣáá, ìdí nìyẹn tí iyọ̀ kì í fi í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, tó fi máa ń wá òmíràn fà wọlé láti iwájú. Iwájú, ní àtẹ́lẹwọ́, ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn kì í gba ṣúgà nìkan wọlé. Tí ṣúgà bá dá dé, kò ní wọlé, ìta ni yóò wà, á tún máa fa omi mọ́ra nínú ìfun, ìgbẹ́ á sì máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n tí iyọ̀ àti ṣúgà bá jọ dé, ilẹ̀kùn á gbà wọ́n wọlé pọ̀. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn á ti iyọ̀ jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ilẹ̀kùn mìíràn lẹ́yìn níbẹ̀ á jẹ́ kí ṣúgà jáde, omi á wá máa tẹ̀ lé wọn."

Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń fi ṣíbí fún ọmọ.

"Wọn ò jà, nígbà náà."

"Wọn ò jà, Màmá. Ọ̀kan ò lè wọlé láìsí èkejì ni."

"Bíi ká wẹ ọwọ́." Wọ́n mi orí. "Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Èmi wá ń lé wọn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn láti àárọ̀." Omi bọ́ lójú wọn, wọ́n fi èjìká nù ún, torí ọwọ́ wọn méjèèjì dí. Àánú wọn ṣe mí. Obìnrin yìí, bí wọ́n bá ní kó yọ ojú ẹ̀ kan fún ọmọ yìí, èwo ni kí n yọ ni yóò bèèrè.

Wọ́n tún bi mí. "Àwọn ilẹ̀kùn náà, ṣé wọ́n ṣì wà níbi tí wọ́n yẹ kí wọ́n wà? Àìsàn yìí ò ti da èyí tó wà níwájú sẹ́yìn?"

Ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu mi, mo ti kọ ọ́ sójú pátákó ní kíláàsì tipẹ́. Mo ní, sẹ́ẹ̀lì inú ìfun kì í pẹ́ láyé, bí ògbólógbòó ṣe ń kú ni tuntun ń dìde, tuntun náà á tún máa rọ ilẹ̀kùn tiẹ̀, á máa yà wọ́n sọ́tọ̀, á máa rán wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń lọ. Mo ní, bá a ṣe jókòó yìí, Màmá, iṣẹ́ ń lọ nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo sọ ọ́ bíi tíṣà. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́ o, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Mò ń bẹ ẹ̀rọ tí mi ò rí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà níbi tí wọ́n rán yín. Iwájú, ẹ wà níwájú. Ẹ̀yìn, ẹ wà lẹ́yìn. Ẹ má ṣi ọ̀nà lónìí nìkan, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyí.

Oòrùn ti ń yí sí ẹ̀yìn ilé. Nọ́ọ̀sì jáde wá wò wá, ó fọwọ́ kan abẹ́ ọmọ, ó gbẹ. Ó wo ojú mi, ó wo aago ara ògiri, ó ní òun máa ní kí wọ́n bá wa wá ọkọ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ti ń to bẹ́ǹṣì tó kù lórí ara wọn. Ọmọ ti dákẹ́ ẹkún, ó ti di ojú, mi ò mọ̀ bóyá oorun ni tàbí nǹkan mìíràn. Mò ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Màmá ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Ọkọ mi, gbé e mì. Ọkọ mi àtàtà. Ó kù díẹ̀. Gbé eléyìí náà mì."

Lójijì, wọ́n dákẹ́. Mo gbójú sókè. Ṣíbí dúró lófuurufú, omi ń kán láti ara rẹ̀. Ojú wọn là, wọn ò mira, wọn ò wò mí. Ọkàn mi já.

"Màmá? Màmá, kí ló ṣe é?"

Mo nawọ́ sí ọmọ.

"Màmá!"

"Ó gbóná," ni wọ́n wí.

"Kí ló gbóná?"

"Itan mi."

Kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n ti pariwo, ẹni tó ń gbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ó tọ̀! Ọkọ mi tọ̀ sí mi lára! Nọ́ọ̀sì, ẹ wá o, ó tọ̀!" Wọ́n gbé ọmọ sókè, ìtọ̀ náà ṣì ń bọ̀, díẹ̀, ó pọ́n bí omi epo igi, ó ń ṣàn sí ìró wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń da òróró lé lórí. Nọ́ọ̀sì sáré jáde, ó wò ó, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Èmi? Ilẹ̀ ni mo wà. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ Màmá mú, ẹsẹ̀ tí ò wọ bàtà, mò ń sunkún.

Nọ́ọ̀sì ní ká má gbé ọkọ̀ mọ́, ká jókòó díẹ̀ sí i, ká máa fún un lómi náà lọ. Ó tún tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, èyí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́ díẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n, omi oníyọ̀ wà nínú ìgò mínírà lọ́wọ́ mi, a ń rìn lọ sílé. Iwájú ìró Màmá tutù láti itan dé orúnkún, ó hàn sí gbogbo ayé. Ẹni tó bá kí wa lójú ọ̀nà, tó wo aṣọ wọn, wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ́ ibi tó tutù náà síwájú dáadáa, wọ́n á ní, "Ìtọ̀ ni. Ẹ bá mi dúpẹ́." Obìnrin kan lójú títì dì mọ́ wọn tọ̀tún-tòsì, kò tiẹ̀ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

A délé. Mo tẹ́ ọmọ, mo pọnmi sínú báàsíà, mo bu ọṣẹ sí i, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn.

"Màmá, ẹ bọ́ ìró yẹn kí n bá yín fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú ohun tí mo sọ lọ́sàn-án."

"Èwo lo sọ?" Wọ́n jókòó ti ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọwọ́ bo ibi tó tutù náà lára ìró, wọ́n sì wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ jà wọ́n lólè. "Gbé omi ọṣẹ rẹ kúrò níwájú mi jàre. Ohun tí mo fi gbogbo ọ̀sán tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìwọ wá fẹ́ fọ̀ ọ́ dànù."